Nọ́mbà Méjì Lára Ọkọ̀ Òkè

Ifákẹ́mi kọ́kọ́ rò pé àdúrà ni ọkùnrin náà ń gbà lórí mọ́tò. Ó nà gbọọrọ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ọ̀yẹ́, oòrùn ọ̀sán ń ta á lẹ́yìn, irin gbígbóná ń jó o láyà, ó fi iwájú orí ti gíláàsì, ètè rẹ̀ ń mì. Àwọn tó ń kọjá ń fi í rẹ́rìn-ín. Òun kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wà láyé.

"Ẹni tó dúró síbẹ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣíji bo gíláàsì yìí," ó wí láìgbójú sókè. "Oòrùn ò jẹ́ n ríran."

Ká sòótọ́, kí ló kan obìnrin tó ru gààrí lọ sọ́jà nínú ìyẹn? Ṣùgbọ́n Ifákẹ́mi sọ ẹrù kalẹ̀, ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sókè títí òjìji fi bo gíláàsì. Nígbà náà ni ọkùnrin náà rí ohun tó ń wá, ó sì kà á jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́mbà ṣáàsì ni. Nígbà tó dìde, tó rí ẹni tó bá a ṣíji, ó gbàgbé láti gbọn eruku ara rẹ̀.

Ó ń jẹ́ Jídé, ará Ìkọ̀lé ni. Àwọn ọmọ Èkìtì tó wà ní Èkó àti òkè òkun, tó bá fẹ́ ra Tòkunbọ̀ fún ará ilé, òun ni wọ́n máa ń ní kó bá àwọn wò ó kí wọ́n tó sanwó. Ó ṣàlàyé fún Ifákẹ́mi pé àmì mẹ́tàdínlógún ló wà nínú nọ́mbà náà. Àkọ́kọ́ ń sọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe mọ́tò, ìkẹwàá ń sọ ọdún rẹ̀. Lára àwọn tó bá ti Amẹ́ríkà wá, ìkẹsàn-án ni ẹlẹ́rìí: bí èèyàn bá yí ẹyọ kan padà nínú àwọn yòókù, òun ni yóò tú àṣírí.

"Àṣé mọ́tò náà a máa purọ́ ọjọ́ orí," Ifákẹ́mi wí.

"Mọ́tò kì í purọ́. Àwọn tó ń tà á ni."

Ifákẹ́mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ba òun fúnra rẹ̀ lẹ́rù. Kò tíì rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí wọ́n ti sin Òkè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Báyìí ni Jídé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọ̀kadà wá sí Ìtàjí, ìlú Ifákẹ́mi. Lónìí, òun wá ra gààrí. Lọ́la, òun kàn ń kọjá ni, bí ẹni pé Ìtàjí wà lójú ọ̀nà ibi gbogbo láyé. Ó ń pè é ní Òjìji mi. Ó ní kó mú àpá rẹ̀ wá kí òun wá nọ́mbà ṣáàsì rẹ̀, kí òun mọ ọdún tí wọ́n ṣe irú ọmọ báyìí, kí òun lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe òmíràn mọ́. Ìyá Ifákẹ́mi, tí kò sí ẹni tó ń wá kí i mọ́ nílùú, a máa gbọ́ ọ láti ìdí ààrò, a sì máa fi ọwọ́ bo ẹnu.

Lọ́jọ́ kan agbada tí wọ́n fi ń yan gààrí là. Jídé gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, Bámgbóṣé, tó jẹ́ wẹ́dà, ajórinmọ́rin, ní Ìkọ̀lé, ó sì gbé e padà wá ní jíjó, tó dán tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ìparí ojú jíjó náà, ìlà kéékèèké mẹ́ta tò síra wọn. Jídé fi ìka kàn wọ́n pẹ̀lú ìgbéraga ọmọ.

"Ọwọ́ bàbá mi nìyẹn. Kò sí ohun tí wọ́n máa jó kí wọ́n má bu ìlà mẹ́ta sí i fún Ògún. Géètì ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, wọ́n bù ú sí i."

Ìfẹ́ wọn dàgbà títí Jídé fi lọ sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ti rí ìyàwó. Bàbá béèrè ilé tí ọmọ náà ti wá. Nígbà tó gbọ́ orúkọ ilé náà, ó ju irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní pẹ̀lú gbogbo ilé tó wà ní Èkìtì, àfi ilé tí Ògún ti dá lẹ́jọ́? Ó ní bí Jídé bá tún fẹsẹ̀ kan ibẹ̀, kó má pe òun ní bàbá mọ́.

Jídé kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún Ifákẹ́mi, kò sì ya Ifákẹ́mi lẹ́nu. Ó sọ ohun tí gbogbo Ìtàjí mọ̀ fún un. Ìdílé tó ń bọ Ògún ni tiwọn. Ẹnìkan bá Òkè fa ààlà oko, wọ́n ní kí àwọn méjèèjì búra. Òkè fi ètè kan irin Ògún, ó ní òun kò sún ààlà. Kí ọdún tó yípo, ó ra mọ́tò, ó fi ń kó èrò ná Ìkọ̀lé. Lọ́sàn-án gangan, lójú ọ̀nà gbígbẹ, láìsí mọ́tò mìíràn tó kàn án, mọ́tò náà là sí méjì ní kọ́nà bí obì. Òkè kú. Èrò méjì kú pẹ̀lú rẹ̀, ọmọ Ìtàjí ni àwọn náà.

Ẹnu kò kúrò lára wọn láti ọjọ́ náà. Wọ́n ní Ògún ló fi àdá rẹ̀ là á, pé òpùrọ́ kú, ó sì kó aláìṣẹ̀ dání. Wọ́n gba oko. Àwọn ẹbí èrò méjì yẹn kò kí ìyá Òkè mọ́. Wọ́n wọ́ ìlàjì mọ́tò méjèèjì wá sí ẹ̀yìnkùlé, ní ìdí pèrègún Ògún, nítorí pé irin tó bá ti gbẹ̀mí, wọn kì í tà á, wọn kì í fọwọ́ kàn án, ibẹ̀ ni yóò jẹrà sí.

"Bá mi ka nọ́mbà ẹ̀," Ifákẹ́mi wí.

"Kí lo fẹ́ rí níbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òpùrọ́ ni."

Ìyá rẹ̀ ta omi tútù sílẹ̀ níwájú pèrègún, ó bẹ Ògún, ó sì ní kí wọ́n máa ṣe é. Ifákẹ́mi tún na ìborùn rẹ̀ bí ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Jídé ka nọ́mbà ìdí gíláàsì iwájú, ó sọ ọdún rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ bá ìlàjì ẹ̀yìn, ó fipá ṣí búùtù, ó nu ìdọ̀tí kúrò lára bébà pẹlẹbẹ kékeré kan tí ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò lẹ̀ mọ́ irin níbẹ̀. Nọ́mbà wà lára òun náà. Ó kà á, ó padà síwájú, ó tún kà á.

"Ìyá, mọ́tò méjì nìyí," ó wí. "Nọ́mbà iwájú yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn. Ọdún wọn ò bára mu. Ẹnìkan gé ibi tó ṣì dára lára mọ́tò méjì tó ti bàjẹ́, ó jó wọn pọ̀, wọ́n kùn ún, wọ́n sì tà á fún Òkè ní odindi. Ojú ibi tí wọ́n jó ló ya. Àdá kankan ò là á."

Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi ò búra èké." Ó tún un wí. Ó ń wí i lọ bẹ́ẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀, omijé ò jẹ́ kó ríran.

Jídé ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé kápẹ́ẹ̀tì tó ti jẹrà sókè, ó ń wo etí ibi tí irin ti ya. Ọwọ́ rẹ̀ dúró níbẹ̀. Nígbà tí Ifákẹ́mi bi í pé ta ló jó o, ó rọra da kápẹ́ẹ̀tì náà bò ó, ó ní òun yóò padà wá, ó sì gun ọ̀kadà lọ láìmu omi.

Kò padà wá lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ lọ, òmíràn tẹ̀lé e. Ifákẹ́mi pè é lórí fóònù títí ó fi sú u. Ó gbà pé ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ló borí, ó sì ń yan gààrí lọ, ó ń sunkún, ó ń parọ́ fún ìyá rẹ̀ pé èéfín ni.

Nídìí ààrò yẹn náà ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sára ìlà mẹ́ta etí agbada. Ó wò ó. Ó fi gààrí sílẹ̀ lórí iná, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó gbé kápẹ́ẹ̀tì. Ìlà mẹ́ta wà níbẹ̀, létí ibi tó ya, wọ́n tò síra wọn rẹ́gírẹ́gí. Gààrí jóná kó tó lè dìde.

Ó kórìíra Bámgbóṣé. Ó kórìíra agbada náà, ó kórìíra ọwọ́ tó gbé e wá. Síbẹ̀ ó fẹ́ràn Jídé, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Nígbà tó sọ fún ìyá rẹ̀, obìnrin náà ní, "Ọmọ yẹn ti rí i kí ìwọ tó rí i. Bó bá wá bá wa, ọmọ èèyàn ni. Bí kò bá wá, a ti mọ̀ ọ́n."

Ó wá. Bàbá rẹ̀ ń rìn lẹ́yìn rẹ̀, ó ti rù, filà wà lọ́wọ́ rẹ̀ dípò orí. Jídé kò fi bàbá náà sílẹ̀ kó sinmi láti ọjọ́ tó ti kúrò ní Ìtàjí. Kò jẹun nílé rẹ̀, kò yé béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá òun ló jó mọ́tò Òkè, títí bàbá fi jẹ́wọ́. Bámgbóṣé dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá Òkè.

"Uṣẹ́ ni mo pè é," ó wí. "Ẹni tó gbé e wá ní òun á sọ fún ẹni tó bá rà á. Nígbà tí mo gbọ́ ìròyìn jàǹbá náà, mo mọ̀ pé mọ́tò tí mo jó lọ́jọ́sí ni. Mo gbọ́ tí wọ́n ní Ògún ni, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa wí i."

Ìyá Òkè bi í bóyá yóò lè wí i níwájú ìlú. Ó ní òun yóò wí i. Wọ́n pe àwọn àgbà, wọ́n pe ẹbí èrò méjì náà, wọ́n pe ẹni tó gba oko. Bámgbóṣé fi ètè kan irin, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n lù ú pa. Ọlọ́pàá mú un lọ. Wọ́n gba béèlì rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní títì. Oko padà sílé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ìyá ọ̀kan nínú àwọn èrò náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kí ìyá Òkè, àwọn méjèèjì sì jọ sunkún.

Jídé kò wá mọ́. Ifákẹ́mi ló wá a lọ sí Ìkọ̀lé. Ó bá a níwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, ó jókòó sórí báńṣì, kò ṣe nǹkan kan.

"Mi ò lójú tí mo fẹ́ fi wò ọ́," Jídé wí.

"O lè ti ha ìlà mẹ́ta yẹn kúrò kí n tó rí i. Ta ni ì bá mọ̀?"

"Èmi á mọ̀."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi wá."

Ó jókòó tì í. Ó ní inú ń bí òun sí bàbá rẹ̀, kò sì mọ ọjọ́ tí yóò tán, bóyá kò ní tán. Jídé ní òun náà bẹ́ẹ̀. Oòrùn ti dé ojú Jídé. Ifákẹ́mi tú ìborùn rẹ̀, ó fi ṣíji bò ó.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà ní Ìtàjí láìsí orin. Ìyá Òkè gbà pé kí Bámgbóṣé wá, ṣùgbọ́n kò ní wọ ulé òun. Nítorí náà, nígbà tí ẹbí ọkọ dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀, bàbá ọkọ wà ní ẹ̀yìnkùlé, lórí òkúta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlàjì mọ́tò méjì tí koríko ti ń bò.

Àṣà ni pé kí ìyàwó kúnlẹ̀ fún bàbá ọkọ kó gbàdúrà fún un. Àwọn ẹbí ní kó fò ó. Ifákẹ́mi bu omi sínú ife, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde pẹ̀lú aṣọ ìyàwó lára, ó kúnlẹ̀ sínú koríko. Ọkùnrin náà na ọwọ́ sókè orí ìyàwó, ó tún fà á sẹ́yìn.

"Ẹ ṣàdúrà, Bàbá," Ifákẹ́mi wí. "Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dárúkọ mi, ẹ kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi."

Àwọn tó wà ní pálọ̀ gbọ́ ohùn arúgbó tó ń pe Òkè láti ẹ̀yìnkùlé, ìyá Òkè sì dìde, ó lọ ṣí fèrèsé.