Ojú Alátùpà

Ojú ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà kọ́kọ́ rí, kó tó rí ẹni tó ni wọ́n. Ajá kan sáré gba iwájú ọkọ̀ kọjá, ó tẹ bíréèkì lójijì, páálí kan já bọ́ lẹ́yìn, nǹkan kéékèèké sì ń ta kẹ́ kẹ́ kẹ́ bọ̀ wá síwájú. Ó wolẹ̀. Ojú kan ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀, ó ń wò ó. Òmíràn tún dé, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Àwọn èrò figbe ta, bàbá arúgbó kan sì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga bí ọmọdé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ wọ́n o! Iṣẹ́ mi ni!"

Obìnrin kan ló ń rákò láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, ó ń ṣa ojú sínú páálí. Aṣọ iṣẹ́ funfun ló wọ̀, ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ kán sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Bó ṣe gbórí sókè báyìí, ojú òun àti ti awakọ̀ ṣe mẹ́rin, ká má tíì ka èyí tó wà nílẹ̀.

"Àǹtí, kí lẹ ń fi ojú ṣe?" Ó na èyí tó he sí i.

"Mo máa ń kùn ún ni. Iṣẹ́ mi nìyẹn, mo máa ń kun ojú."

"Àtíkè àti tìróò?"

"Áà, rárá o! Ojú gan-an ni mò ń sọ." Ó ti ń rẹ́rìn-ín. "Ẹni tí wọ́n bá yọ ojú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, èmi ni mo máa ń kun èyí tí wọ́n á fi rọ́pò rẹ̀. Mo máa ń jókòó síwájú onítọ̀hún, màá wo èyí tó ṣẹ́kù dáadáa, màá sì kun ìkejì rẹ̀. Ẹ fún mi, ẹ̀yin náà ti wò ó tó."

Láti ọjọ́ náà ni awakọ̀ ti ń pè é ní Akunjú. Obìnrin náà sì ń pè é ní Dírẹ́bà, bí gbogbo èèyàn ṣe ń pè é. Àràárọ̀ ló ń wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, àga tó wà lẹ́yìn awakọ̀ gan-an ló sì máa ń jókòó sí. Bí ẹlòmíràn bá ti jókòó síbẹ̀, á dúró. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Akunjú ò sọ̀ níbi tó yẹ kó ti sọ̀. Ó jókòó dé òpin ọ̀nà, níbi tí bọ́ọ̀sì ti máa ń sinmi kó tó yí padà, ló bá rí i tí Dírẹ́bà yọ agolo bisikíìtì kan lábẹ́ àga, tó kó búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín jáde, pẹ̀lú ère oníke kan tó ga tó ìka ọwọ́. Oṣó onírùngbọ̀n ni ère náà, ó di ọ̀pá mú, ẹyẹ abàmì kan bà lé e léjìká. Irú ère àlọ́ tí wọ́n máa ń tà nínú páálí nìyẹn, aláwọ̀ eérú, láìkùn, kí oníkálùkù lọ kùn ún bó bá ṣe wù ú.

"Ẹ̀yin náà ń kun nǹkan, ẹ ò sì sọ!"

Ojú ti Dírẹ́bà. "Eré ọwọ́dilẹ̀ ni."

Akunjú gbà á, ó wò ó fínnífínní. Aṣọ rẹ̀ dára, ìyẹ́ ẹyẹ náà pé. "Ojú rẹ̀ dà?"

"Èmi kì í kun ojú."

"Kí ló dé?"

Ó fẹ́ sọ pé ọwọ́ òun máa ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n irọ́ náà ò wá, ló bá sọ òtítọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́ ọ ní eré náà. Àwọn méjèèjì á jókòó sójú fèrèsé lẹ́yìn iṣẹ́: òun á kun aṣọ àti bàtà, ìyàwó á kun ojú. Àìsàn wá mú ìyàwó lọ. Ère tí ìyàwó ń dá nìkan kùn lọ́wọ́ nígbà náà, aṣọ àti ohun gbogbo, ni obìnrin iwin kan tó wọ aṣọ gígùn, tó gbé àtùpà dání. Alátùpà ni wọ́n ń pè é. Ohun gbogbo lára Alátùpà ló ti parí àfi ojú. Ìyá ìyàwó, tó wá tọ́jú ọmọ rẹ̀, ò padà sílé mọ́. Òun àti Dírẹ́bà ló ń gbé pọ̀, ọmọ mi ló sì ń pè é.

Akunjú gbọ́ ọ délẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́," ló sọ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ jẹ́ kí n kun ojú oṣó yìí fún yín. Ó ti ń ṣe mí bíi pé mò ń bá afọ́jú sọ̀rọ̀."

Báyìí ni nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀. Dírẹ́bà ń kun aṣọ, Akunjú ń kun ojú. Agolo bisikíìtì kún. Nígbà tó yá, Akunjú ní, "Ojú yín ti wọ inú iṣẹ́ jù, ẹ ò rí mi," Dírẹ́bà sì ní, "Kí ni mo tún ń rí? Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà, ìwọ ni mò ń rí." Ìgbà àkọ́kọ́ tó pè é ní ìwọ nìyẹn. Méjèèjì gbọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó tún un ṣe. Ó wu Dírẹ́bà kó fi "ẹyinjú mi" kún un, ṣùgbọ́n ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà dípò rẹ̀. Orúkọ tí ìyá ìyàwó rẹ̀ máa ń pe ọmọ tó kú náà ni, kò sì tíì pe ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Alátùpà kẹ̀yìn sí ilé.

Orí pẹpẹ ojú fèrèsé ló máa ń dúró, tó kọjú sínú pálọ̀. Ní àárọ̀ yẹn, ojú títì ló kọjú sí, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kù fún wọn. Dírẹ́bà rò pé ìyá ló nu eruku. Ó yí i padà, ó sì lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó dé láti ibi iṣẹ́, ó tún ti kẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí lójoojúmọ́, òun náà sì dákẹ́, torí kò fẹ́ kó dà bíi pé ó ń bá ìyá jà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ò ṣeé pa mọ́ mọ́, ó jókòó ti ìyá. Àga ìyá wà lápá òsì fèrèsé, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ojú kan péré ló ṣẹ́kù fún un, wọ́n ti yọ èkejì nígbà tó ṣàìsàn ojú, aṣọ dúdú kékeré ló fi ń bo ibẹ̀.

"Màmá, mo ti rí ẹnì kan."

Ìyá gbé ọ̀pá rẹ̀ sórí itan. "Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ó máa ń kun ojú."

"Hẹn-ẹn!" Ìyá pòṣé. "Ẹni tó ń kun ojú lo fẹ́ mú wọnú ilé ọmọ mi? Ọmọ mi ò fi nǹkan kan kun ojú títí tó fi kú!"

"Màmá, kì í ṣe irú ojú yẹn. Ẹyin ojú ni. Bíi èyí tí wọ́n ní kẹ́ ẹ wá gbà tẹ́ ẹ kọ̀."

Ìyẹn gan-an ló wá bà á jẹ́. Ìyá na ọ̀pá rẹ̀ sí fèrèsé. "Èyí tó wà níbẹ̀ yẹn náà ti gbọ́. Wò ó, ó kẹ̀yìn sí wa."

"Màmá, ẹ̀yin kọ́ lẹ ń yí i ni?"

"Èmi? Èmi tí mi ò lè fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ tí ọmọ mi ti kú? Mo rò pé ìwọ lò ń yí i!"

Wọ́n wo ara wọn. Omi ẹ̀rọ ń kán nínú bééṣìn ilé ìdáná. Dírẹ́bà dìde, ó yí Alátùpà kọjú sínú ilé, ó lọ ti ẹ̀rọ omi náà pa, ó padà wá. Ìyá ò kúrò lórí àga, ọ̀pá rẹ̀ ṣì dùbúlẹ̀ lórí itan rẹ̀. Alátùpà ti kọjú sí títì.

"Mi ò gbójú kúrò lára ẹ̀," ni ìyá sọ, ohùn rẹ̀ sì ti kéré. "Mo kàn ṣẹ́jú ni."

Dírẹ́bà sún kúrò nídìí fèrèsé.

"Ọmọ mi ń bínú," ni ìyá wí. "Má mú obìnrin yẹn wá síbí. Bó bá wọlé, ta ni màá jẹ́ nínú ilé yìí? Ta ni yóò rántí pé mo bímọ rí?"

Dírẹ́bà sọ gbogbo rẹ̀ fún Akunjú ní òpin ọ̀nà. Kò lè wo ojú rẹ̀. "Mo fẹ́ràn rẹ, má ṣi èyí gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi Màmá sílẹ̀. Bí wọn ò bá gbà, ibi tó parí sí nìyí."

"Ta ló ní kó o fi wọ́n sílẹ̀?" Akunjú nu ojú ara rẹ̀ nù, ó tún nu ti Dírẹ́bà. "Mú mi lọ bá wọn. Bí wọ́n bá lé mi, kí wọ́n lé mi lójúkorojú."

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n lọ, oòrùn ń tàn wọ pálọ̀ náà.

"Ẹ káàsán, Mà. Ẹ kú ilé."

Ìyá fi ojú kan náà wò ó látòkè délẹ̀. "Ìwọ ni Akunjú. Ojú ẹ ò ní nǹkan kan lára."

"Rárá, Mà. Ti ẹlòmíràn ni mò ń kùn."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ jáde lẹ́nu ìyá, ó gbé e mì. Akunjú rìn lọ sójú fèrèsé. Kò fọwọ́ kan Alátùpà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Ọwọ́ ọmọ yín dáa o," ló sọ jẹ́ẹ́jẹ́. "Màmá, ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ wo etí aṣọ rẹ̀. Gbogbo iwájú rẹ̀ ni wọ́n kùn bíi pé ìmọ́lẹ̀ tàn sí i, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé yìí gan-an ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ń kùn ún. Kò kẹ̀yìn sí yín. Ìmọ́lẹ̀ tí ọmọ yín fún un ló kọjú sí."

"Ta wá ló ń yí i?"

"Ìyẹn ò yé mi, Mà. Èmi náà, àràárọ̀ ni mo máa ń kí àwọn ojú tó wà ní dúrọ́ọ̀ ibi iṣẹ́ mi. Mi ò mọ èyí tó ń rí mi nínú wọn." Ó yíjú sí i. "Mi ò wá gba àyè ẹnikẹ́ni. Màmá lẹ jẹ́ nílé yìí, Màmá náà lẹ ó máa jẹ́. Ṣé ojú ẹ̀yin àti ti ọmọ yín jọra?"

"Ojú kan náà ni. Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ ọ́."

"Ẹ wá yá mi lójú yín."

Ìyá ronú. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. "Kùn ún," ló sọ níkẹyìn. "Bí ojú ọmọ mi bá jáde níbẹ̀, mo gbà, ẹ fẹ́ra yín. Bí kò bá jáde, má padà wá mọ́."

Akunjú gbé Alátùpà, ó jókòó síwájú ìyá, orúnkún kan orúnkún. Ó fi ẹnu pọ́n búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù lọ. Ó wo ojú ìyá náà: aláwọ̀ ilẹ̀ ni, àmì pupa rúsúrúsú kan wà nísàlẹ̀ dúdú rẹ̀.

"Ṣé kí n má ṣẹ́jú?"

"Ẹ máa ṣẹ́ ẹ, Mà. Ojú tó wà láàyè máa ń ṣẹ́."

Dírẹ́bà dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè jókòó. Afẹ́fẹ́ kankan ò fẹ́, síbẹ̀ aṣọ fèrèsé ń mì. Akunjú fi funfun sí i, ó fi àwọ̀ ilẹ̀ sí i, ó sì fi àmì pupa náà sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó orí abẹ́rẹ́. Ó wá gbé Alátùpà padà sórí pẹpẹ, ó kọjú rẹ̀ sí títì bó ṣe fẹ́, ó sì gbé díńgí tó ń sọ nǹkan di ńlá lé ìyá lọ́wọ́.

Ìyá tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀. Apá òsì ni Akunjú ti dúdú ojú náà sí, sí igun pátápátá. Ara kọjú sí ìmọ́lẹ̀, ojú yí sí àga ìyá.

Díńgí bọ́ lọ́wọ́ ìyá. "Ó ń wò mí," ló sọ. "Ọmọ mi ń wò mí." Ó sunkún tó ti ń pa mọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú, Akunjú sì dì í mú títí ó fi rọlẹ̀. Dírẹ́bà náà ń sunkún, kò tiẹ̀ bojú. "Kó kọjú síbi tó wù ú," ni ìyá ń wí. "Ojú ẹ̀ wà lára mi. Ẹ lọ fẹ́ra yín, mo ti gbà."

Wọn ò ṣe ariwo. Wọ́n lọ fọwọ́ sí ìwé ní kóòtù, ìyá dúró sílé torí orúnkún rẹ̀. Bọ́ọ̀sì Dírẹ́bà ló gbé wọn padà, awakọ̀ mìíràn ló wà á, bàbá arúgbó tó gbé ẹsẹ̀ sórí àga níjọ́sí sì wà nínú rẹ̀, ó ní kí ìyàwó jọ̀ọ́ di páálí rẹ̀ mú dáadáa.

Ìyá ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Dírẹ́bà gbé ẹrù sọ̀, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, wọ́n fẹ́ wọlé. Akunjú dúró lójijì lẹ́nu ọ̀nà.

Apá ọ̀tún fèrèsé ni ẹnu ọ̀nà náà wà. Alátùpà ò yí, títì ló ṣì kọjú sí, eruku ìdí rẹ̀ ò sì bàjẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n dúdú ojú rẹ̀ ti kúrò ní òsì. Igun ọ̀tún ló wà, ó tẹjú mọ́ ibi tí Akunjú dúró sí.

"Òsì ni mo kùn ún sí," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti tutù nínú ọwọ́ ọkọ rẹ̀. "Màmá, ẹ ò rí i bí? Òsì ni mo kùn ún sí."

"Mo rí i," ni ìyá dáhùn láti orí àga rẹ̀. Ẹ̀rù ò bà á. Ó na ọwọ́ sí Akunjú, ó sì pè é lórúkọ tí kò tíì pe ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ ìsìnkú. "Láti àárọ̀ ló ti ń wo ẹnu ọ̀nà. Wọlé, ẹyinjú mi. A ti ń fojú sọ́nà fún ọ."