Olódo Ni Wọ́n Pe Mubarakah

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan lọ́dún 2011, Ganiyat aránṣọ fúnra rẹ̀ ló fa Mubarakah, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mọ́kànlá, lọ sí iléèwé ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Inú ń bí i gidigidi. Ọmọ tó ń ka Kùránì láti orí bí ẹni ń mumi nílé-kéwú, òun náà ló tún gbẹ́yìn ní kíláàsì.

"Tíṣà, ẹ bá mi nà án dáadáa," ló wí fún Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́tọ́lá. "Orí ẹ̀ pé, oríkunkun ló ń ṣe. Tó bá di ti kéwú, ta ló tó bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi jàre, Ìyá Mubarakah."

Ọdẹ́tọ́lá ti kó ọmọ náà àtàwọn mìíràn tó ń pè ní olódo sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn tipẹ́, kí wọ́n má baà dí àwọn tó gbọ́n lọ́wọ́. Kò tíì tó ìyálẹ̀ta tí Mubarakah dìde, tó ń lọ síwájú kó lè rí ohun tí wọ́n kọ sí pátákó. Tíṣà rò pé eré ló fẹ́ ṣe, ló bá fa pàṣán yọ. Ọmọ náà yíjú padà, ṣóńṣó pàṣán bà á lójú.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ganiyat, ó sì gbé e dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn ojú kan lọ́nà Ìgàndó. Dókítà Tòún ní egbò náà kò wọnú, yóò san. Ganiyat ti ń ṣe alhamdulillah kí dókítà tó yẹ ojú méjèèjì wò, tí dókítà fúnra rẹ̀ sì fajú ro.

"Mọ́mì, ta ló sọ fún yín pé ọmọ yìí ríran dáadáa?"

"Àwọn tó wá yẹ ojú wò níléèwé wọn lọ́jọ́sí ni. Wọ́n ní ó ka gbogbo lẹ́tà ara kádì, kò ṣìkan."

Mubarakah bú sẹ́kún. "Mi ò rí i o. Àwọn tó wà níwájú mi lórí ìlà ń kà á sókè, mo wá há a sórí bíi kéwú. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún pè mí lólódo."

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Etí tó mú ló ń bo àṣírí ojú tí kò ríran, ìyá sì ń sanwó ìyìn fún etí, ó ń fi pàṣán jẹ ojú níyà.

"Ojú nìkan kọ́ ló ń ríran," dókítà ṣàlàyé. "Ojú á gba àwòrán wọlé, ọpọlọ á túmọ̀ ẹ̀. Láti kékeré ni ọpọlọ ti ń kọ́ iṣẹ́ yẹn. Tó bá jẹ́ bàìbàì ló ń rí gbà lójoojúmọ́, bàìbàì náà ló máa mọ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo lè hàn sí i, àmọ́ tí wọ́n bá ti fún pọ̀, wọ́n á lọ́ mọ́ra wọn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní gíláàsì."

"Màá fún un, á sì ràn án lọ́wọ́. Àmọ́ ká ní ẹ ti mú un wá kó tó bẹ̀rẹ̀ iléèwé ni, ì bá sàn ju báyìí lọ. Mi ò lè ṣèlérí pé á ríran bíi tẹgbẹ́ ẹ̀. Kí tíṣà gbé e síwájú, kí wọ́n máa ka ohun tó wà lára pátákó jáde, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà, kí àyè sì wà láàrin ọ̀rọ̀."

Nígbà tí Ganiyat kojú Ọdẹ́tọ́lá, tíṣà tọrọ àforíjì, ó sì fi kún un pé, "Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní kí n nà án." Ọ̀rọ̀ náà dun Ganiyat wọ eegun.

Mubarakah ti ń lo gíláàsì báyìí, síbẹ̀ ó ṣì ń lọ́ra láti kàwé. Lọ́jọ́ kan tí ìyá rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji òun, ọmọ náà ní, "Màámi, ẹ ò bi mí rí pé kí ni mò ń rí."

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí oníṣègùn yẹ ojú ọmọ wò kó tó wọ iléèwé. Kí wọ́n bo ojú kan, kí wọ́n yẹ ìkejì wò, kí ọmọ mìíràn má sì sí nítòsí tó ń pe lẹ́tà sókè. Bí ọmọ bá ń ti ìwé mọ́ imú, tó ń fún ojú pọ̀ wo pátákó, ẹ bi í ohun tó ń rí. Pàṣán kò lè kọ́ ọpọlọ ní ohun tí ojú kò gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.