Nọ́ńbà Kẹrin Lẹ́yìn Bọ́ọ̀sì

Ojú kọ̀ǹpútà ni Oyèlékè ti kọ́kọ́ rí Tinúadé. Ọmọge kan ń sọ̀kalẹ̀ ní Ikpoba Hill, agboòrùn pupa lọ́wọ́. Ó dúró gbọn-in láàárín títì, ó na agboòrùn náà sí ọlọ́kọ̀ kan títí bàbá arúgbó kan fi kọjá. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó sì wo kámẹ́rà tààrà.

Iṣẹ́ yunifásítì ló gbé Oyèlékè àti kámẹ́rà rẹ̀ dé òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn. Ó ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa ṣọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń rìn lẹ́ẹ̀kan náà: yóò fa ilà yí olúkúlùkù ká, yóò fún un ní nọ́ńbà, yóò sì máa tẹ̀ lé e títí yóò fi kọjá lọ. Kó tó ṣẹ́jú pẹ́, ọmọge náà ti gòkè dé.

"Bros, na who you dey video like that?"

"Ẹ má bínú, sister. Àwọn tó ń kọjá ni mò ń ṣọ́. Nọ́ńbà kẹtàdínlógún ni yín."

"Me? My mama give me name o. Tinúadé."

"Háà! Ẹ gbọ́ Yorùbá?"

"Mo gbọ́ ọ. Na to talk am dey worry me."

Bí wọ́n ṣe kó sínú ìfẹ́ nìyẹn. Oṣù mẹ́jọ ni Oyèlékè fi ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Oregbeni, níbi tí Tinúadé ti ń ránṣọ. Tinúadé náà kì í wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ òfo, bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà ni. Nígbà tó yá, ìyá ọmọge ní kí bàbá Oyèlékè wá láti Ìlá lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹbí méjèèjì mọra wọn.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà, Tinúadé mú bọ̀ọ̀lì wá látibi ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin. Ní Ọjọ́bọ̀, Oyèlékè wo fídíò Ọjọ́rú. Ó rí olólùfẹ́ rẹ̀ tó ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́bàá títì náà pẹ̀lú aṣọ àti fìlà akọrin tuntun. Nọ́ńbà kẹrin ni kọ̀ǹpútà fún un. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí kọ̀ǹpútà yọ àwọn yòókù kúrò, kó máa tẹ̀ lé nọ́ńbà kẹrin nìkan. Nọ́ńbà kẹrin gba ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì kan, ó jáde, ó dì mọ́ ọkùnrin kan, ó sì wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Orí Oyèlékè dàrú. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹfà. Ta ni ọkùnrin yìí? Ṣé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti wá gbé bọ̀ọ̀lì fún òun? Dípò kó bi ọmọ ọlọ́mọ léèrè, bàbá rẹ̀ ló pè: "Bàbá mi, ẹ má wulẹ̀ wá mọ́." Ẹ ò rí i bí ìwé ṣe ń pọ̀ lórí tí ọgbọ́n ń sá!

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Tinúadé ti gbọ́ pé bàbá ò wá mọ́. Ó dé, ojú rẹ̀ pọ́n, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Leke, wetin I do you? Mummy ti ra ẹran. Sọ ọ́ ní Yorùbá, make e pain me well."

Oyèlékè yí kọ̀ǹpútà sí i. Tinúadé wò ó, ó mi orí.

"That one no be me."

"Nọ́ńbà kẹrin ni. Ìwọ ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì."

"Where the other people? Dá wọn padà."

Ó dá wọn padà. Lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, akọrin méjì kọjá lára ara wọn, aṣọ kan náà, fìlà kan náà. Nọ́ńbà kẹrin jáde lápá ọ̀tún. Nọ́ńbà kẹsàn-án jáde lápá òsì, ó dúró nídìí ààrò oníbọ̀ọ̀lì, ó ra bọ̀ọ̀lì méjì, ó jẹ èyí tó kéré, ó sì fi ìwé wé èyí tó tóbi.

"Na Èyítọ́pẹ́ for our choir and her husband be that," ni Tinúadé wí. "Now tell me: ta ló ra bọ̀ọ̀lì tó o jẹ?"

Ojú gba Oyèlékè tì. Kọ̀ǹpútà ti pààrọ̀ nọ́ńbà wọn lẹ́yìn bọ́ọ̀sì. Àléébù yìí gan-an ló sì fi ojú ewé mẹ́wàá ṣàlàyé nínú ìwé tó ń kọ.

"Mo jẹ̀bi, olówó orí... àní, olólùfẹ́ mi. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Tinúadé tọ́ka sí bọ́ọ̀sì inú fídíò náà. "Bus go still pass, Leke. Plenty. Tí o ò bá rí mi mọ́, wetin you go do?"

"N ó sọ̀kalẹ̀. N ó yí bọ́ọ̀sì náà ká, n ó sì bi ọ́ léèrè."

Tinúadé nu ojú rẹ̀, ó na fóònù sí i. "Oya, call Daddy."

Bàbá gbé e. "Mi ò tíì tú báàgì mi," ni bàbá wí. "Mo mọ irú ọmọ tí mo bí. Kí lorúkọ ọmọ náà tún ni?"

"Tinúadé ni, bàbá," ni Oyèlékè dáhùn, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Tinúadé ni."