Ohun tó ń ké nínú Píánò Ọmọ Olóògbé

Fóònù olóògbé ló kọ́kọ́ sọnù. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, ìyàwó rẹ̀ ṣí àpótí tó kó ẹrù rẹ̀ sí. Ó bá aago ọwọ́. Ó bá awò ojú. Kò bá fóònù. Wọ́n pe nọ́ńbà náà títí, kò wọlé.

Àbúrò olóògbé ni wọ́n rí tó jáde nínú yàrá tí àpótí náà wà lọ́jọ́ yẹn. Ìyàwó pè é lólè lójú ìyá tó bí i. Ọmọkùnrin náà ṣẹ́, wọn ò gbà á gbọ́. Ó di aṣọ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni píánò ìṣeré ọmọ olóògbé bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

"Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án," ni ìyàwó sọ fún Ìyá Rédíò, obìnrin tó ti ń tún rédíò ṣe ládùúgbò fún ọgbọ̀n ọdún. "Tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, á dédé ké. Ọmọ mi ní bàbá òun ló ń pe òun, kì í jẹ́ ká pa á. Ẹ bá mi tún un ṣe, Mà, tàbí kí n dáná sun ún."

Ìyá Rédíò tẹ̀ lé e délé. Píánò náà ò gùn ju apá àgbà lọ, oníke olówó pọ́ọ́kú, ó fẹ̀yìn ti ògiri pákó. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn.

Aago mẹ́rin lù.

*Tì-tì-tì. Tì-tì-tì. Tììììì.*

Irun ara Ìyá Rédíò dìde. Opó lòun náà. Àmọ́ etí rẹ̀ ti gbọ́ ohùn yẹn rí, nínú rédíò àwọn oníbàárà.

Ó yọ okùn iná, ó ki bátìrì bọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó tún ké. Kì í ṣe iná. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé e lọ sí pálọ̀. Kò dún pínkín. Lọ́jọ́ kẹrin, ó dá a padà sídìí ògiri. Ó ké.

"Àrùn yìí ò sí nínú píánò," ló wí. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kí ló wà lẹ́yìn ògiri?"

Yàrá ìyá ọkọ ni. Ìyá arúgbó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó fara ti pákó. Ṣájà kan wà lára iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀.

"Màmá, fóònù yín dà?"

"Èmi? Fóònù kẹ̀? Ta ni mo fẹ́ pè?"

Ìyá Rédíò jáde. Ó wá àbúrò olóògbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń kan àga.

"Ìwọ lo mú fóònù ẹ̀gbọ́n ẹ?"

"Rárá, Mà. Fìlà wọn ni mo wọlé lọ mú." Kò gbójú sókè.

"Níbo lo máa ń wà laago mẹ́rin?"

Ọ̀gá rẹ̀ ló dáhùn. "Iwájú mi níbí. Aago mẹ́fà la ń ṣíwọ́."

Lọ́jọ́ karùn-ún, Ìyá Rédíò gba fóònù ìyàwó, ó pa á, ó pa tirẹ̀ náà, ó kó méjèèjì sí ilé ìdáná. Nígbà tí aago mẹ́rin ku díẹ̀, ìyá arúgbó ní oorun ń kun òun. Ó wọlé, ó tilẹ̀kùn.

*Tì-tì-tì.*

Ìyá Rédíò dìde, ó yí gba ẹ̀yìn ògiri, ó ṣílẹ̀kùn. Ìyá arúgbó ti da aṣọ borí. Lábẹ́ aṣọ náà, ọkùnrin kan ń rẹ́rìn-ín: "Ìyá mi, ẹ tún ìtàn yẹn sọ, ẹ jẹ́ kí n gbà á sílẹ̀."

Ìyàwó tó ń bọ̀ lẹ́yìn di férémù ilẹ̀kùn mú. Ohùn ọkọ rẹ̀ ni.

"Fóònù téèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn á kọ́kọ́ máa wá nẹ́tíwọ̀kì," ni Ìyá Rédíò wí jẹ́jẹ́. "Wíwá yẹn ni píánò ń gbọ́. Nǹkan olówó pọ́ọ́kú ò ní ohun tó fi lè dènà ẹ̀, pákó kan ló sì là wọ́n láàárín. Màmá, ẹ̀yin lẹ mú un. Ẹ máa ń tàn án láago mẹ́rin, ẹ̀ẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ yín, ẹ̀ẹ́ pa á. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà náà ò fi wọlé."

Ìyá arúgbó ṣí aṣọ lójú. "Ìyàwó, o ní o máa pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́, kí ọmọ lè máa fi ṣeré. Mo gbọ́. Mo ní kí n tẹ́tí sí i lẹ́ẹ̀kan péré, kí n dá a padà. Mi ò lè dá a padà."

"Ẹ sì ń wò mí, Màmá, tí mò ń pe ọmọ yín lólè?"

"Ojú tì mí. Ikú mú ọ̀kan. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi lé èkejì jáde."

Ọmọbìnrin kékeré ti dúró láàárín wọn. "Ṣé bàbá mi ló wà níbẹ̀?"

"Ohùn wọn ni," ni Ìyá Rédíò dá a lóhùn. "Ohùn wọn nìkan, ọmọ mi."

Ìyá arúgbó na fóònù sí Ìyá Rédíò pé kó bá òun wá orúkọ àbúrò. Ó pè é. Wọ́n gbé e lọ́hùn-ún.

"Bọ̀ọ̀dá mi?" Nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló rí.

"Kì í ṣe òun," ni ìyá rẹ̀ wí. "Èmi ni. Èmi ni mo mú un. Máa bọ̀ nílé."

Wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ìyàwó gba fóònù náà lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ó gbé e sétí, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má tíì gé e," ló wí fún àbúrò ọkọ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gé e."