Ẹni Tó Ń Jẹ́ Ìpè Òkú

Ní àràárọ̀ ní àgọ́ ológun, tí wọ́n bá ti tò sórí ìlà, tí ọ̀gá sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ, àyà Olúkáyọ̀dé a máa já.

Kì í ṣe pé ó pẹ́ dé. Kì í ṣe pé bàtà rẹ̀ kò dán. Orúkọ tí wọ́n fẹ́ pè ló ń bà á lẹ́rù.

"Ìfẹ́olúwa!"

"Èmi nìyí, sà!"

Irọ́ ni. Òun kọ́ ni Ìfẹ́olúwa. Ìfẹ́olúwa ni àbúrò rẹ̀ tí ibà pa ní Ọ̀fà, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, fara balẹ̀ kí o gbọ́ bí alààyè ṣe di ẹni tó ń jẹ́ ìpè òkú.

Láti kékeré ni Káyọ̀dé ti fẹ́ràn ọkọ̀ òfuurufú. Bí èyí tó ń lọ sí Ìlọrin bá gba orí ilé wọn kọjá, á fi oúnjẹ sílẹ̀, á sá jáde, á máa wò ó títí ojú rẹ̀ kò fi ní tó o mọ́. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló fẹ́ dà, kì í pe dókítà, kì í pe lọ́yà. Awakọ̀ òfuurufú ológun ni.

Inú ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀, tó ti di olóògbé, ṣiṣẹ́ ní Poli. Aránṣọ ni Mojísọ́lá ìyá rẹ̀. Káyọ̀dé wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ohùn rẹ̀ sì dùn. Ó mọ orin Jésù lórí, kò mọ Jésù fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn tó jáde ní Poli, ó gbọ́ nípa orílẹ̀-èdè kan lókè òkun tó ń gba ọ̀dọ́ àjèjì sí iṣẹ́ ológun òfuurufú. Inú rẹ̀ dùn títí ó fi ka ìlà tó gbẹ̀yìn: ẹni tó bá ti lé ní ọdún méjìlélógún, kó má wulẹ̀ wá. Káyọ̀dé ti pé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Ẹlòmíràn ì bá gba kámú. Ṣùgbọ́n ohun tí ọkàn bá ti fẹ́ jù, ojú kì í rí ààlà rẹ̀. Ó rántí àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀. Ìwé ọjọ́ ìbí Ìfẹ́olúwa ṣì wà níbẹ̀.

"Mọ́mì, ìwé lásán ni. Ẹni tó ni ín kò lò ó mọ́."

Aṣọ tí Mojísọ́lá ń rán já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọdún méjìdínlógún tí ọmọ náà ti kú, kò sí ẹni tó ń dárúkọ yẹn nínú ilé wọn. Wọn kò jẹ́ kó mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ náà sí, nítorí òbí kì í mọ ibojì ọmọ.

"Káyọ̀dé, má mú mi débẹ̀ yẹn. Mo bẹ̀ ọ́."

"Ṣé kí n jókòó sí Ọ̀fà kí n máa ka ọkọ̀ ojú irin tó ń kọjá ni? Mọ́mì, bí mo bá fò, gbogbo wa la fò."

Ìyá bàbá rẹ̀, Ìyá Àrìnpé, jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ wọn. Ó dá sí ọ̀rọ̀ náà.

"Ọmọ ọmọ mi, a kì í jẹ́ ìpè òkú. Bí wọ́n bá pe ẹni tó ti lọ, tí alààyè dáhùn, lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá pe alààyè ńkọ́, ta ni yóò dáhùn?"

Káyọ̀dé rẹ́rìn-ín. "Ìyá, wọn ò mọ ìyẹn lókè òkun. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n mọ̀."

Ó bẹ ìyá rẹ̀ títí ìyá fi ṣí àpótí. Ó tún ìdánwò girama ṣe ní orúkọ àbúrò rẹ̀, ó fi gba pásípọ́ọ̀tù. Kí ọdún tó yí po, ó ti lọ.

"Bí ẹ bá pè mí lórí fóònù, ẹ má pe Káyọ̀dé o," ló sọ fún ìyá rẹ̀ kó tó wọkọ̀. "Ẹnì kan lè máa gbọ́ wa."

Ìyá gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. "Ìfẹ́… Ìfẹ́olúwa ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?" Lẹ́yìn náà, ẹkún ni Káyọ̀dé ń gbọ́. Láti ọjọ́ náà, ìyá kì í dárúkọ kankan mọ́. Ó kàn ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀.

Káyọ̀dé rí ohun tó ń wá. Wọ́n kọ́ ọ, ó mọ̀ ọ́n, wọ́n ń yìn ín. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù wọ ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹni méjì bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ọ̀rọ̀ òun ni. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, wọ́n ti wá mú òun ni. Òwúrọ̀ kò rọrùn, ọ̀sán kò rọrùn.

Ní àgọ́ náà, ọkùnrin kan wà tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú ṣe. Dúpẹ́olúwa lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé ni, ìlú tó ti ń bá Ọ̀fà du ààlà ilẹ̀ tipẹ́. Lọ́jọ́ tó gbọ́ pé ọmọ Ọ̀fà ni Káyọ̀dé, ó pariwo.

"Háà! Ẹ lé wa lórí ilẹ̀ nílé, ẹ tún lé wa dé òkè òkun?"

"Ẹ̀yin lẹ lé wa, bọ̀dá. Ẹ má tíì ri òpó ààlà mọ́ ibí o!"

"Ibí kì í ṣe tèmi, kì í ṣe tìẹ. Wá, jẹ́ ká jọ jẹ ẹ̀bà."

Bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Nígbà kan, Dúpẹ́olúwa bi í bóyá ó ti di àtúnbí.

"Bọ̀dá, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n bí mi sí."

"Ológbò kan bímọ márùn-ún sábẹ́ pẹpẹ wa nílé. Kò sí ìkankan nínú wọn tó di onígbàgbọ́."

Káyọ̀dé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ní kó dá fò. Ojú sánmà mọ́ nígbà tó gbéra. Kò pẹ́, ìkúukùu gbé e mì. Funfun níwájú, funfun lẹ́yìn, kò sí òkè, kò sí ilẹ̀. Ara rẹ̀ ń sọ fún un pé òkè lòun ń lọ. Aago ìwọ̀n tó wà níwájú rẹ̀ ń sọ pé ilẹ̀ ló ń já sí.

Wọ́n ti kọ́ ọ pé aago ni kó gbà gbọ́, torí ara a máa tan awakọ̀ jẹ nínú ìkúukùu. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ti di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ohùn ọ̀gá dé látorí rédíò. "Ìfẹ́olúwa, dáhùn! Ìfẹ́olúwa, ṣé o ń gbọ́ mi?"

Ó ń rò ó lọ́kàn pé: Bí mo bá já lulẹ̀ báyìí, ta ni wọn yóò sọ pé ó kú? Wọn yóò ránṣẹ́ sí ìyá mi pé Ìfẹ́olúwa kú. Ọmọ kan, ikú ẹ̀ẹ̀mejì! Bí mo bá sì dé iwájú Ọlọ́run, orúkọ ta ni n ó jẹ́?

Ìgbà yẹn ni ìbẹ̀rù kan tó ju ìbẹ̀rù ikú lọ bò ó mọ́lẹ̀. Ó ké tòò: "Jésù! Olúkáyọ̀dé ni mí! Òpùrọ́ ni mí! Gbà mí!"

Ó gbójú lé aago náà, ó sì ṣe ohun tó sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ara rẹ̀ ń sọ pé kó má ṣe é. Imú ọkọ̀ gbé sókè. Nígbà tí ìkúukùu ya, orí igi ló rí lábẹ́ rẹ̀, ó sún mọ́ ọn gan-an.

Nílẹ̀, gbogbo wọn ti gbọ́ igbe náà lórí rédíò. Yorùbá ló fi ké e, nítorí náà ọ̀gá bi Dúpẹ́olúwa pé kí ló sọ.

"Ó ké pe Jésù, sà. Ìyókù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́."

Nígbà tí Káyọ̀dé balẹ̀, Dúpẹ́olúwa mú un lọ sẹ́yìn ilé tí wọ́n ń kó ọkọ̀ sí. "Àbúrò, ta ni Olúkáyọ̀dé?"

Káyọ̀dé fi omijé ka gbogbo rẹ̀. "Bọ̀dá, àbúrò mi ló ń bá mi jà."

"Rárá o. Ọmọ ọdún mẹ́ta kì í bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà. Ó ti wà nínú ìsinmi. Irọ́ ló ń lé ọ. Ṣé o rántí ọkùnrin inú Bíbélì tó wọ aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ bá bàbá rẹ̀ tó fọ́jú? Ìyá rẹ̀ ló ràn án lọ́wọ́, bíi tìẹ. Ó rí ìre gbà, ó sì fi ogún ọdún sá kiri. Ọjọ́ tí Ọlọ́run bi í ní orúkọ, tó sọ òótọ́, ọjọ́ náà ni ìbùkún tó dé bá a."

"Bí mo bá jẹ́wọ́, wọn yóò lé mi. Iṣẹ́ yìí ni gbogbo ayé mi."

"N kò ní tàn ọ́. Wọn yóò lé ọ. Wọ́n tilẹ̀ lè tì ọ́ mọ́lé. Ṣùgbọ́n Jésù kò kú fún ẹni orí ìwé yẹn. Èyí tó dẹ́ṣẹ̀ gan-an ló kú fún."

Káyọ̀dé kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí epo ẹ́ńjìnnì ti dọ̀tí. Ó jẹ́wọ́, ó bẹ̀bẹ̀, ó fi ara rẹ̀ lé Jésù lọ́wọ́. Nígbà tó dìde, ẹ̀rù ọ̀gá ṣì ń bà á. Ṣùgbọ́n ó lọ sí ọ́fíìsì náà, ó sì sọ òótọ́.

Wọ́n bọ́ aṣọ ológun lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n tì í mọ́lé fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé. Kí wọ́n tó mú un wọkọ̀, wọ́n jẹ́ kó pe ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ pè mí lórúkọ mi."

Ìyá di fóònù mọ́ etí. "…Káyọ̀dé?"

"Èmi ni, mà. Mò ń bọ̀ wálé."

Igbe tí Mojísọ́lá ké, àwọn aládùúgbò rò pé òkú ló kú. Lọ́jọ́ tí Káyọ̀dé dé Ọ̀fà, òun àti ìyá rẹ̀ jọ kúnlẹ̀, ìyá náà sì jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Káyọ̀dé kò tún wa ọkọ̀ òfuurufú mọ́. Ó ń dùn ún, a kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, á ní, "Ẹ wọlé."

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ńkọ́? Bóyá ọjọ́ orí lo gé kúrú níbi iṣẹ́. Bóyá ìwé ẹ̀rí ẹlòmíràn lo fi ń jẹun. Bóyá wọ́n ń pè ọ́ ní díákónì, bẹ́ẹ̀ o mọ ohun tí ìwọ nìkan ń ṣe nínú yàrá. Àyà rẹ tó ń já yẹn, má fi ọtí pa á, má fi orin bò ó. Àánú Ọlọ́run ló ń jí ọ.

Má sọ pé ó di ìgbà tí ọwọ́ bá tẹ ohun tí ò ń wá. Ta ló sọ fún ọ pé wàá débẹ̀? Níbi tí o wà yìí, ní ṣọ́ọ̀bù, ní gáréèjì, lórí bẹ́ẹ̀dì àìsàn, ya ẹnu rẹ kí o wí pé: "Jésù, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Ìwọ lo kú fún mi. Dárí jì mí, gbà mí lónìí."

Lẹ́yìn náà, dìde. Lọ bá ẹni tí o purọ́ fún, kí o sọ òótọ́ fún un kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Jésù yóò bá ọ lọ.