Agbára Màlúù, Owó Adìyẹ

Ní ayé ìgbà tí àwọn ènìyàn ń lọ sí òṣùpá bí ẹni ń lọ sí Ondó, tí ọkọ̀ ń fò láti orí àpáta kan bọ́ sí òmíràn ní ìlú Ìdànrè, àwọn àgbà Ẹgbẹ́ Alájọṣe péjọ yí tábìlì kan ká, wọ́n ń wo ẹ̀rọ eré kan bí ẹni ń wo ọmọ tuntun. Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju búrẹ́dì kékeré lọ. Ṣùgbọ́n bí Fadérera ti gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, igbó dìde lórí tábìlì. Ìrókò yọ, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sí i lára, ọ̀bọ ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Àgbà kan tilẹ̀ sáré ṣí fìlà rẹ̀ kí òjò má baà pa á.

"Èló ni?" Bàbá Ògúnrìndé béèrè. Àgbẹ̀ kòkó ni kí wọ́n tó fi jẹ alága ẹgbẹ́, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

Fadérera ló dáhùn. Òun ni olórí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ẹgbẹ́ náà. "Bàbá, kò ní ju owó màlúù kan lọ."

"Ó dára gan-an. Àwọn màlúù la ó máa tà á fún nìyẹn, torí kò sí ọmọ àgbẹ̀ tó máa lè rà á."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Fadérera nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ohun tó sọ ẹ̀rọ náà di ọ̀wọ́n kì í ṣe ọpọlọ-irin tó ń ronú nínú rẹ̀. Bátìrì ni. Irin tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì, àwọn tó ń kan ọkọ̀ òṣùpá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rà á tán láyé. Bí wọ́n bá fi bátìrì kékeré sí i, igbó ńlá yẹn á di koríko mẹ́ta. Bí wọ́n bá fi èyí tó tó sí i, ọmọ olówó nìkan ni yóò rí ìrókò.

"Agbára màlúù, owó adìyẹ," ni Bàbá wí bó ti ń dìde. "Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn."

Ẹlòmíràn ì bá ti sọ pé kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n Fadérera ní ìdí tirẹ̀ tí kò fi lè jáwọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Tiwalọlá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá jà. Oògùn ayé ìgbà náà ti sọ àrùn yẹn di ẹran ọ̀sìn, àmọ́ ẹran ọ̀sìn a máa já okùn. Bí òtútù bá ti kan ọmọ náà, egungun rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Nítorí náà, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sáré lórí àpáta, ojú fèrèsé ni tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wá eré tí yóò fa àwọn ọmọ wọ̀nyẹn wá síbi tí Tiwalọlá jókòó sí.

Adìyẹ gan-an ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ó ń kọjá ní ẹ̀yìnkùlé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó rí àgbébọ̀ tó sàba. Kò tan iná, kò ní bátìrì, ooru ara rẹ̀ ló fi ń sọ ẹyin di ẹlẹ́mìí. Fadérera wò ó títí inú fi ń bí àgbébọ̀ náà. Kí ni ọmọdé ní ní àtẹ́lẹwọ́ tí kò ná òbí rẹ̀ ní kọ́bọ̀? Ooru ni!

Ó ṣe awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sẹ́yìn ẹ̀rọ náà, ó pè é ní awọ amóoru. Bí ọmọ bá ti dì í mú, awọ náà á mu ooru ọwọ́ rẹ̀, á sọ ọ́ di agbára. Ooru ọmọ kan kò lè gbé ju koríko mẹ́ta yẹn náà dìde. Nítorí náà, òun àti Gbọ́látúndé, igbákejì rẹ̀, fi okùn-afẹ́fẹ́ so àwọn ẹ̀rọ náà pọ̀ kí wọ́n máa bá ara wọn ṣe àáró, bí àwọn àgbẹ̀ ti ń ṣe é: lónìí gbogbo wa lọ sóko Lágbájá, lọ́la a lọ sóko Tàmẹ̀dù. Agbára ọmọ púpọ̀ á wá parapọ̀ di ọ̀kan.

"Ẹ̀gbọ́n, bí àwọn kan bá wá sọ tiwọn kalẹ̀ ńkọ́?" Gbọ́látúndé béèrè lọ́jọ́ tí wọ́n jíṣẹ́ fún Bàbá. "Ṣé igbó á wó lulẹ̀ lójú àwọn tó kù ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọmọ ìwé yìí! Bí ẹnì kan bá kúrò lóko àáró, ṣebí àwọn tó kù ló ń parí ebè rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ṣe bẹ́ẹ̀. N ò fẹ́ kí ayé náà ṣú mọ́ ọmọ kankan lójú."

"Ó ṣeé ṣe, Bàbá," Fadérera wí, "ṣùgbọ́n a ó fi ojú kékeré kan sí i tí yóò máa ṣọ́ ọwọ́ ọmọ. Bí ọwọ́ bá ti ń tutù jù, ẹ̀rọ náà á já a sílẹ̀."

"Èló ni ojú yẹn?"

Gbọ́látúndé ló dáhùn. "Adìyẹ á di ewúrẹ́, Bàbá."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Ìyá Tiwa, mélòó lo mọ̀ ní ìlú yìí tó lè fi odindi ewúrẹ́ ra eré fọ́mọ? Ọmọdé kì í ṣe òkúta. Bí òtútù bá mú un lọ́wọ́, ṣé kò ní sọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni?"

Fadérera rò ó wò. Ọ̀rọ̀ náà bá làákàyè mu. Ta ni nǹkan ń dùn tí kò ní sọ ọ́ nù?

"Á sọ ọ́ sílẹ̀," ló wí. Wọ́n yọ ojú náà kúrò.

Ọjọ́ tí wọ́n pín ẹ̀rọ náà fún àwọn ọmọ ìlú, oòrùn mú, pápá tó wà nísàlẹ̀ àpáta kún fọ́fọ́. Fadérera wọ ẹ̀wù òtútù méjì fún Tiwalọlá, ó gbé àga rẹ̀ sí àárín gbùngbùn, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹ̀rọ kan lé e lọ́wọ́.

Ohun tó dìde níbẹ̀, kò sí ẹni tó rí irú rẹ̀ rí. Òkun ni! Òkun tòótọ́ kún àárín àpáta méjì, ó ń ru, ó ń hó, ẹja tó tóbi ju ilé lọ ń fò jáde, omi ń bọ́ lára wọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn arúgbó tí kò rí òkun rí láyé wọn kúnlẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ńlá kan yọ lórí omi náà, ẹni tó sì wà nídìí ìtọ́kọ̀ ni Tiwalọlá. Àwọn ọmọ yí àga rẹ̀ ká, wọ́n ń pariwo:

"Tiwa, yà á sápá òsì! Ẹja ń bọ̀!"

"Ìwọ tó o mọ̀ ọ́n, wá tù ú!" Tiwalọlá dá wọn lóhùn, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Fadérera gbọ́ ẹ̀rín ọmọ rẹ̀ láàárín ẹ̀rín àwọn ọmọ mìíràn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Nígbà tó yá, oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Àwọn ìyá ń pe ọmọ wọn kí wọ́n wá jẹun, àwọn ọmọ ń sọ ẹ̀rọ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń lọ. Òkun kò kúrò.

"Wò ó, Fadérera!" Omi ti kún ojú Bàbá Ògúnrìndé. "Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, kò dín rárá!"

Inú Fadérera dùn fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yẹn gún un ní àyà bí abẹ́rẹ́. Bí òkun kò bá dín, ta ló ń gbé e?

Ó sáré wọ inú ìgbì. Ọmọ kan wà níwájú rẹ̀ tó ju ẹ̀rọ tirẹ̀ sílẹ̀, tó ki ọwọ́ bọ abíyá. "Ó ti tutù jù!" Òmíràn ju tirẹ̀ náà sílẹ̀. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ sílẹ̀ ni ẹrù wọn ń lọ sórí ẹni tó kù, títí gbogbo òkun yẹn, àtẹja àtìgbì, fi dá lé àtẹ́lẹwọ́ méjì.

Ètè Tiwalọlá ti funfun. Ó ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀.

"Tiwa, sọ ọ́ sílẹ̀!"

"Màámi, ọkọ̀ á rì."

"Ṣé kò dùn ọ́ ni?"

"Ó ń dùn mí." Ó wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní bó bá ń dùn mí, kí n máa fara dà á?"

Fadérera já a gbà. Òkun pa rẹ́. Koríko gbígbẹ àti àpáta ló kù, àti ọmọdé kan tó ṣubú láti orí àga.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Ògúnrìndé wá sí ilé ìwòsàn. Kò dé fìlà. Dókítà ti sọ fún wọn pé ọmọ náà yóò yè, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kò dé ìka rẹ̀ fún àkókò tó pọ̀ jù.

"Ẹ fi ojú yẹn sí i," Bàbá wí. "Kó di ewúrẹ́. Kó di màlúù. Èmi ni mo fà á."

"Èmi ni mo ní á sọ ọ́ sílẹ̀, Bàbá. Èmi tí mo bí i."

Bàbá fa aṣọ bo ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Ó sì jáde.

Tiwalọlá la ojú nígbà tó ṣe. Ó wo àjà, ó wo fèrèsé, ó wá rí ìyá rẹ̀.

"Màámi, wọ́n pè mí ní ọ̀gá atukọ̀. Ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́, ọmọ mi."

"Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀. Ẹ di ọwọ́ mi mú."

Fadérera wo ìsàlẹ̀. Láti òru ni ọwọ́ méjèèjì náà ti wà nínú ọwọ́ rẹ̀.