Sáfà Inú Yàrá Ẹ̀jẹ̀

Ètò ìpè kú láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n nílò rẹ̀ jù lọ. Dókítà tẹ irú ẹ̀jẹ̀ tó ń wá sínú rẹ̀, ojú ìwé funfun kan ló sì yọ sí i. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni sáfà, ẹ̀rọ tó gbé ètò náà ró, kọ síbẹ̀: sáfà yìí kò ní lódà tó lè ka fáìlì yìí.

Dókítà tún un tẹ̀. Bákan náà ni.

Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọkùnrin kan dùbúlẹ̀, ètè rẹ̀ ti funfun. Orí àkàbà ló ti já bọ́ sórí irin. Irú ẹ̀jẹ̀ tó ní kò wọ́pọ̀ rárá, kò sì sí ẹyọ kan nínú fíríìjì. Ètò ìpè nìkan ló mọ ẹni tó ní irú rẹ̀ nílùú. Wọ́n ṣe é kí ẹnikẹ́ni má bàa rí orúkọ àwọn tó ń fúnni lẹ́jẹ̀: dókítà á tẹ irú ẹ̀jẹ̀, ètò náà fúnra rẹ̀ á sì pe fóònù àwọn tó bá a mu.

"Ẹ̀rọ ti daṣẹ́ sílẹ̀," dókítà sọ fún obìnrin tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ó ní lódà ò sí. Ẹ máa wá èèyàn káàkiri. Tí oòrùn bá fi wọ̀ tí a ò rí ẹ̀jẹ̀..."

Kò parí rẹ̀. Kò sídìí tó fi yẹ kó parí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n aláìsàn ni obìnrin náà. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ wò, kò bá ti àbúrò rẹ̀ mu. Ìyá kan náà, bàbá kan náà, ẹ̀jẹ̀ ní òun ò gbà. Ó ti sunkún títí omi ojú fi tán. Àmọ́ nígbà tó gbọ́ "lódà", ó gbé orí sókè. Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Atúdìí ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí tí sáfà kan bá ti daṣẹ́ sílẹ̀, kì í sùn títí á fi mọ ohun tó fà á àti ẹni tó fà á.

"Níbo ni sáfà náà wà?" ló bi dókítà. Ó ti dìde kí wọ́n tó dá a lóhùn.

Yàrá ẹ̀jẹ̀ ló wà. Ibẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ amúlétutù kì í ti í sinmi, ni wọ́n bá gbé sáfà náà ti ẹ̀gbẹ́ fíríìjì. Èèyàn méjì ló bá níbẹ̀. Ọ̀kan ni Bàbá Òtútù, olùtọ́jú ẹ̀jẹ̀, àgbàlagbà tí kì í bọ́ súwẹ́tà. Òun ló máa ń lọ bá àwọn ẹbí aláìsàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n na apá. Ìkejì ni ọmọbìnrin tó ń bójú tó sáfà. Kíákíá ni wọ́n ń pè é, ẹ ò sì ní béèrè ìdí tẹ́ ẹ bá rí bó ṣe ń rìn.

"Kí lo ṣe sí i?" Atúdìí bi Kíákíá.

"Ẹ̀gbọ́n, mo búra, mi ò ṣe nǹkan kan! PHP ni mo kàn gbé lọ sí ẹ̀dà tuntun lánàá."

"O kàn gbé e! Lódà ńkọ́?"

"Mo pààrọ̀ òun náà."

"Mo sọ fún un pé kó fi í sílẹ̀!" dókítà pariwo lẹ́nu ọ̀nà. "Ohun tí kò bàjẹ́, kí lo ń tún ṣe?"

Gbogbo ojú wá sọ́dọ̀ Kíákíá. Ọ̀ràn náà sì jọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ ètò ìpè ti fi kóòdù dì í kí wọ́n má bàa jí iṣẹ́ rẹ̀ kọ. Tí èèyàn bá ṣí fáìlì náà, wúruwùru ló máa rí. Lódà ni àfikún tó ń tú u fún sáfà. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan PHP, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi kọ ètò ìpè, ló sì ní lódà tirẹ̀. Tí èèyàn bá pààrọ̀ ọ̀kan tó gbàgbé ìkejì, ó parí.

Atúdìí jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ó wo PHP, ó wo lódà. Wọ́n bára mu wẹ́kú.

"Mo dán an wò kí n tó lọ sílé," Kíákíá ní, ẹkún ti gba ohùn rẹ̀. "Ó ṣiṣẹ́. Bàbá Òtútù wà níbẹ̀."

"Ṣé lóòótọ́ ni, Bàbá?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń wò, ọmọ mi," Bàbá Òtútù dáhùn. "Mi ò wo ojú ẹ̀rọ."

"Kọ́kọ́rọ́ ni!" dókítà ní. "Ẹni tó kọ ètò náà là ń pè bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ pé a fẹ́ fi ti ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀, ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé a máa wá òun."

Atúdìí gba nọ́ńbà rẹ̀, ó pè é, ó sì jẹ́ kí gbogbo yàrá máa gbọ́.

"Ṣé ìwọ lo ti ètò ìpè pa?"

"Kí ló kọ sójú ìwé?" Kọ́kọ́rọ́ béèrè.

"Pé lódà ò sí."

"Kì í ṣèmi nìyẹn. Tó bá jẹ́ èmi ni mo tì í, ohun tó máa kọ ni pé àṣẹ ìlò ti tán. Inú ń bí mi sí wọn o, àmọ́ mi ò ní pa aláìsàn nítorí ìbínú."

Atúdìí mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Òun náà ti rí ìkìlọ̀ méjèèjì rí, wọn ò jọra.

"Ta ló kọ́kọ́ fi lódà síbí?"

"Èmi ni, orí fóònù. Mo pe fóònù yàrá yẹn, ẹnì kan gbé e, ó ń tẹ ohun tí mo bá sọ, ìlà kan tẹ̀ lé ìkejì. Onísùúrù ni. Kíákíá yín ò tíì dé ibẹ̀ nígbà yẹn."

Nọ́ọ̀sì kan sáré wọlé. "Dókítà, ẹ máa bọ̀! Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀!"

Dókítà sáré jáde. Atúdìí dìde láti tẹ̀ lé e, àmọ́ ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Kó lọ máa wo bí àbúrò rẹ̀ ṣe ń kú? Bàbá Òtútù gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi."

Atúdìí padà jókòó, ó ṣí fèrèsé dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, ó sì bi sáfà léèrè níbẹ̀ bóyá lódà wà. Sáfà dáhùn pé ó wà.

Ó tún ojú ìwé ṣí. Ó ní kò sí.

"Irú jìbìtì wo nìyí?" Kíákíá ní.

"Fáìlì ìtọ́ni méjì ló wà," Atúdìí ní. "Ọ̀kan fún ojú ìwé tí èèyàn ń ṣí, ọ̀kan fún iṣẹ́ tí sáfà ń dá ṣe fúnra rẹ̀."

Ó ṣí ti àkọ́kọ́. Ìlà tó ń pe lódà wà níbẹ̀, àmọ́ ẹnì kan ti sàmì sí iwájú rẹ̀ pé kí sáfà fò ó. Ó ṣí ìkejì. Ìlà yẹn mọ́, kò sóhun tó ṣe é.

Ẹ̀dà tuntun kì í dédé sàmì sí ìlà. Ọwọ́ èèyàn ni.

"Iṣẹ́ wo ni sáfà yìí ń dá ṣe?" ló bi Kíákíá.

"Ẹyọ kan péré ni. Ó ń ṣọ́ bí fíríìjì ṣe tutù sí. Tó bá fẹ́ gbóná, á fi fóònù ta wá lólobó."

"Ṣé wọ́n fi kóòdù di ìyẹn náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Tí lódà ò bá sí, kò ní ta ẹnikẹ́ni lólobó."

Atúdìí yí àga rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀.

"Ọ̀tá ilé ìwòsàn ì bá ti pa méjèèjì," ló ní. "Aláìmọ̀kan ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé méjì ni. Ẹni tó ṣe èyí fẹ́ kí ìpè dákẹ́, àmọ́ kò lè fi ẹ̀jẹ̀ inú fíríìjì ṣeré. Ó mọ ìlà méjèèjì, torí ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tẹ̀ wọ́n nígbà tí Kọ́kọ́rọ́ ń darí rẹ̀, kí Kíákíá tó dé. Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Kíákíá fi ọwọ́ bo ẹnu.

Atúdìí ò dúró de èsì. Ó pa àmì náà rẹ́, ó tún sáfà bẹ̀rẹ̀, ó ní kí Kíákíá tẹ irú ẹ̀jẹ̀ náà. Ètò ìpè jí. Ó wá, ó wá, ó sì rí ẹnì kan ṣoṣo. Ó pè é.

Fóònù kan dún nínú àpò súwẹ́tà Bàbá Òtútù.

Ó jẹ́ kó dún títí tó fi dákẹ́.

"Ọwọ́ mi ni wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ wá láàárọ̀," ló ní. "Bí mo ṣe yẹ̀ ẹ́ wò, mo mọ̀ pé èmi ni wọ́n máa pè. Ọmọ mi obìnrin ń rọbí láti àná, ní ìlú tó jìnnà, mi ò sì lè pa fóònù mi. Ẹ̀jẹ̀ kan náà lèmi pẹ̀lú ẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí oyún àkọ́kọ́ gbé e lọ. Ẹ̀jẹ̀ mi ló fi yè. Wọn kì í gbà á lára èèyàn lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù díẹ̀. Tí mo bá fún àbúrò rẹ, tí wọ́n wá pè mí láti ọ̀hún ńkọ́?"

"Kí ló dé tí ẹ ò kàn kọ̀?"

"Kí n kọ̀? Èmi tí mo ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹlẹ́bí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lójoojúmọ́? Ojú wo ni mo fẹ́ fi kọ̀ fún ẹ? Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ẹ̀rọ kọ̀ ju kí n fi ẹnu mi kọ̀."

Atúdìí ti ní èébú nílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣe é. Gbogbo rẹ̀ pòórá. Ó bínú sí ọkùnrin náà, àánú rẹ̀ sì ń ṣe é, kò sì mọ èyí tó ń pa òun lára jù. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, mi ò lè parọ́ fún yín. Mi ò lè sọ pé ọmọ yín ò ní nílò ẹ̀. Àmọ́ àbúrò kan ṣoṣo ni mo ní, ó sì ń kú lọ lókè yìí báyìí. Mo bẹ̀ yín."

Bàbá Òtútù wá bọ́ súwẹ́tà rẹ̀. Apá rẹ̀ tín-ín-rín. Ó yọ fóònù, ó fi í lé Atúdìí lọ́wọ́.

"Ọkọ ọmọ mi ló máa pè. Tó bá pè, má parọ́ fún un."

Wọ́n gbé àpò ẹ̀jẹ̀ náà lọ sókè nígbà tí oòrùn ń rọ̀. Kò pẹ́ tí àwọ̀ fi ń padà sí ètè ọkùnrin náà. Dókítà fẹ̀yìn ti ògiri, ó mí kanlẹ̀, ó ní ó ti bọ́. Ó yẹ kí Atúdìí pariwo ọpẹ́, àmọ́ fóònù Bàbá Òtútù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń wò. Nísàlẹ̀, Kíákíá ń tẹ irú ẹ̀jẹ̀ náà sínú ètò ìpè léraléra, bóyá á rí ẹlòmíì fún ọmọ Bàbá Òtútù. Ètò náà ò pe ẹnikẹ́ni mọ́.

Fóònù náà dún.

Atúdìí jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó má bàa jí àbúrò rẹ̀, ó sì gbé e.

"Bàbá!" Ọkùnrin kan ló ń sọ̀rọ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Bàbá, ó ti bímọ, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ò dúró. Wọ́n ní ẹ máa bọ̀ kíá!"

"Èmi kọ́ ni Bàbá," Atúdìí ní. Ó di ògiri mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀jẹ̀ wọn ti wà lára àbúrò mi."